Iṣẹ́ dé, ìyá mi ò fẹ́ kí n kúrò nílé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́yìn_Ilé:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, obìnrin. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ń wá iṣẹ́ kiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ wọlé, iṣẹ́ gidi tó bá ohun tí mo kọ́ mu. Àmọ́ ìlú tí iṣẹ́ náà wà jìnnà, wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ ń rìn débẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà sí etí àwọn òbí mi. Bàbá mi ní, "Ó yá, máa múra." Ìyá mi ò fọhùn. Ó kàn dìde, ó lọ ń fọ ìkòkò tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ fún mi pé ọmọbìnrin kì í ti ilé òbí rẹ̀ jáde lọ dá gbé, ilé ọkọ ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó jáde lọ́mọ ogún ọdún, ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó dàgbà nílẹ̀ ibòmíràn ní tirẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ṣì wà lábẹ́ òrùlé òbí ní ọjọ́ orí mi, nǹkan ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fèsì. Báwo lẹ̀yin ṣe ṣe tiyín?

Má_wò_mí:
Gba iṣẹ́ náà. Ẹni tó wá iṣẹ́ fún oṣù mẹ́rìnlá tún ń béèrè! Ìyá á sunkún, á sì dákẹ́.

Ìyá_Ọlọ́mọ_mẹ́rin:
Má_wò_mí, bí ẹnu rẹ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ṣé ìyá tìrẹ náà sunkún tó sì dákẹ́?

Ọmọ mi, ìkòkò tí ìyá rẹ tún lọ fọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mẹ́rin ni mo bí, gbogbo wọn ti lọ. Èyí tó kọ́kọ́ lọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Èyí tó lọ gbẹ̀yìn ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó kan ọmọbìnrin mi, ohun tí ìyá rẹ ń sọ gan-an lèmi náà sọ, pé obìnrin kì í dá gbé. Irọ́ ni mo ń pa. Ohun tó wà níkùn mi ni pé bí ibà bá gbé e ṣánlẹ̀ lóru, ta ni yóò mọ̀? Ta ni yóò ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ṣílẹ̀kùn? N kò lè sọ ìyẹn síta, torí bí mo bá sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé mo fi ẹnu ara mi pè é. Mo wá gbé àṣà síwájú, mo sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Má bá a jiyàn lórí àṣà. Jókòó tì í nígbà tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, kí o bi í pé, "Màmá, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù gan-an?" Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, má já ọ̀rọ̀ gbà á lẹ́nu. Kọ wọ́n sílẹ̀, kí o wá ìdáhùn tó ṣeé fojú rí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà onílé, nọ́ńbà ẹnì kan níbi iṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ mi kọ tirẹ̀ sórí ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Oṣù méjì àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń kà á bí ẹni ń ka ìwé mímọ́. N kò mọ ìgbà tó já bọ́.

Olùkọ́_Ìtàn:
Àbúrò, ti ọ̀rẹ́ rẹ ni mo fẹ́ dá sí. Kò sí ọjọ́ orí kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Àjọ Eurostat tó ń ṣírò nǹkan fún ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti ọdún 2022: ní ìpíndọ́gba, ọmọ ọdún 26.4 ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé òbí. Ní Finland, 21.3 ni. Ní Croatia, 33.4. Orílẹ̀-èdè méjì nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ọdún méjìlá sì ló là wọ́n láàárín! Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo ará Croatia ni? Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn tó ń gbé ilé tó jẹ́ ti ìdílé ara wọn. Ilé tí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ lè háyà kò pọ̀. Ní Denmark, ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó lóṣooṣù tí kì í ṣe gbèsè, ẹni tó bá sì ń dá gbé ń gbà ju ẹni tó wà lọ́dọ̀ òbí lọ. Bí ìjọba bá ń san owó fún ọ kí o lè dá dúró, o ò ní pẹ́ dá dúró. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn á wá máa pè é ní ìwà akin.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an, tí gbogbo wa gbà pé ọmọ ọdún méjìdínlógún wọn ti ń di ẹrù, ẹ wo ìwé ìkànìyàn 1940: ìdá méjìdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 29 ló ń gbé lọ́dọ̀ òbí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ pọ̀, ìgbéyàwó yá. Nígbà tó di 1956, ìdajì àwọn ọkùnrin tó ń gbéyàwó àkọ́kọ́ ò ju ọmọ ọdún 22.5 lọ, ti obìnrin sì jẹ́ 20.1. Ìran yẹn ló jáde tètè, àwọn ọmọ wọn sì rò pé bó ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù Keje 2020 tí àrùn Kòrónà gbòde, àwọn olùṣèwádìí Pew rí i pé ìdá àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ òbí ti gorí 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ní "tiwọn" kò ju àṣà ìran kan tàbí méjì lọ.

Ìyá rẹ náà kò sì mú gbogbo rẹ̀ lọ. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí mo kà yẹn, obìnrin ló ń ṣáájú ọkùnrin jáde.

(Ẹ má bínú, iṣẹ́ olùkọ́ ò fi ara mi sílẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì o.)

Káfíńtà_Arìnnà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Jámánì lèmi ti ń ṣe iṣẹ́ igi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn kan tó máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tó yege nínú ìdánwò, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí kò ní aya, tí kò bímọ, tí kò jẹ gbèsè, bó bá wù ú, á lọ rìnrìn àjò fún ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé rẹ̀ tó àádọ́ta kìlómítà. Kì í mú fóònù dání. Ṣòkòtò dúdú tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀, fìlà onígun fífẹ̀, ọ̀pá wíwọ́ lọ́wọ́, ẹrù tí kò ju ìdì kékeré kan lọ. Èèyàn lè rò pé eléré orí ìtàgé ni.

Ọ̀kan dé lọ́jọ́ tí òjò ti pa á wọ egungun. Kó tó bọ́ bàtà, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ó fi ọ̀rá wé e, òun nìkan ni nǹkan gbígbẹ lára rẹ̀. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ń gba òǹtẹ̀ ìlú tí wọ́n bá dé sí. Nígbà tí a jẹun tán, ó sọ bó ṣe jáde nílé. Àwọn ẹbí, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn tó ti rìn ṣáájú rẹ̀ ló sìn ín dé ìdí pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn sí. Ó gun pátákó náà, ó bọ́ sí òdì kejì, wọ́n sì ní kó má bojú wẹ̀yìn mọ́.

Àbúrò, ohun tó wọ̀ mí lára nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé wọ́n sin ín. Òfin ibẹ̀ le ju ti ilé yín lọ fíìfíì, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó sá lọ tàbí pé wọ́n lé e. Jẹ́ kí ìyá rẹ bá ọ lọ. Kó sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ méjì, kó rí ilẹ̀kùn, kó rí ojú ọ̀nà láti ilé dé ibi iṣẹ́. Ìyá tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà kan, ẹ̀rù ọ̀nà yẹn á dín kù lọ́kàn rẹ̀.

Agbaniṣíṣẹ́:
Gbogbo yín ń sọ ti ìyá, ta ló ti wo lẹ́tà? Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń gba èèyàn síṣẹ́, ojú mi ti rí nǹkan. Àbúrò, kí o tó fèsì, wo ìwọ̀nyí:

Owó tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà, ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí àti àwọn owó mìíràn ni, àbí èyí tó máa dé ọwọ́ rẹ? Béèrè. Kò sí ọ̀gá gidi tí yóò bínú sí ìbéèrè yẹn. Sáà ìdánwò ńkọ́, oṣù mélòó ni, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì máa fi ṣe ìkìlọ̀ bí wọn ò bá fẹ́ ọ mọ́? Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, má lọ gba odindi ilé tí wàá san owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wá yàrá kan nínú ilé tí èèyàn méjì mẹ́ta jọ ń gbé.

Èyí tó máa ń pa àwọn ọmọ tuntun lẹ́kún jù lọ ni ọjọ́ owó oṣù àkọ́kọ́. Wọ́n á rò pé bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti pé, owó dé. Bí orúkọ rẹ bá wọ ìwé lẹ́yìn tí àwọn olùṣírò owó ti ti ìwé oṣù yẹn pa, di oṣù kejì nìyẹn. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn wá síṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí èyí. Ìtìjú ò jẹ́ kó sọ. Bàtà rẹ̀ ló tú u fó. Kó owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ oṣù méjì dání, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ọ́ lóore nílé, ibẹ̀ ni kó ti ṣe é.

Ìkẹyìn: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, fèrè lo gbọ́ yẹn, sá. Pe ilé iṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tí o fúnra rẹ wá rí, má lo èyí tó wà nínú lẹ́tà nìkan.

Àbíkẹ́yìn_Ilé:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe ilé iṣẹ́ náà, òótọ́ ni wọ́n. Sáà ìdánwò oṣù mẹ́ta ni. Owó tó máa dé ọwọ́ mi kéré sí èyí tí mo ti ń ná lọ́kàn, kí n má purọ́.

Màmá Ọlọ́mọ_mẹ́rin, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo jókòó tì wọ́n lálẹ́ àná. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan tí wọ́n ń bẹ̀rù. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ka mẹ́ta. Méjì jọ tiyín. Ẹ̀kẹta ni pé èmi ni mo kù nílé, àwọn àti bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí n kò bá sí láàárín. N kò mọ ohun tí mo lè kọ síwájú ìyẹn.

Ìyá_Ọlọ́mọ_mẹ́rin:
Má kọ nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe gbèsè tìrẹ. Ó sọ ọ́ fún ọ ná, ìyẹn ti tó.

Mo_ń_wáṣẹ́_lọ́wọ́:
Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ arábìnrin yìí lọ́wọ́. Tèmi yàtọ̀: ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, iṣẹ́ ò tíì sí, bàbá mi sì ti fún mi ní gbèdéke ìparí ọdún. Bí mo bá ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á kọjá lẹ́yìn mi, wọ́n á mí kanlẹ̀. Ìmí kanlẹ̀ yẹn burú ju èébú lọ.

Bàbá_Àgbà:
Ọmọ mi, èmi náà ti mí irú ìmí yẹn rí. Ní 2007, mínísítà ètò ọrọ̀ ajé Ítálì, Tommaso Padoa-Schioppa, pe irú yín ní *bamboccioni*, bí ẹni ń sọ pé ọmọ ọwọ́ gàǹgà-gàǹgà. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gan-an, torí iṣẹ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń rí, owó rẹ̀ ò sì ká ilé. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ dá ọmọ tèmi dúró, ó sì padà wálé. Ẹ̀rín náà padà wá jókòó tì mí.

Lọ bá bàbá rẹ kó tó wá bá ọ. Máa fi ohun tí o ṣe hàn án ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ibi tí o kọ̀wé sí, ẹni tí o rí, ẹni tó fèsì. Ẹni tí kò rí nǹkan kan ló ń rò pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kí o sì gba iṣẹ́ ilé kan tó gbé ìwúwo, tí gbogbo ilé mọ̀ pé ìwọ lo ni ín.

Agbaniṣíṣẹ́:
Mo fara mọ́ Bàbá. Kí n fi ọ̀kan kún un: má jẹ́ kó jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ nìkan lo ń bi léèrè iṣẹ́. Ohun tí ìwọ mọ̀ làwọn náà mọ̀. Onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, ti ṣàlàyé èyí láti 1973. Lára àwọn tó gba ọwọ́ ojúlùmọ̀ rí iṣẹ́, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún tó máa ń rí ojúlùmọ̀ yẹn déédéé. Àwọn tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló pọ̀ jù. Ẹni tí ẹ jọ kàwé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta, olùkọ́ àtijọ́, ẹni tí o bá ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀: àwọn yẹn ni kí o kọ̀wé sí. Má sì ní kí wọ́n wáṣẹ́ fún ọ. Ní kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ tiwọn ṣe rí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èèyàn kì í kọ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀.

Mo_padà_sílé:
Níwọ̀n bí Bàbá ti mẹ́nu ba pípadà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo jáde lọ́mọ ọdún méjìlélógún, mo padà lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí ilé iṣẹ́ wa kógbá sílé. Òru ni mo kó ẹrù dé kí àwọn aládùúgbò má baà rí mi. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, kò ṣí. Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo. Kì í ṣe tìtorí mi o, kọ́kọ́rọ́ kan ló sọ nù ní ilé, wọn ò rántí sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró síta tí mo ń tẹ aago ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n bí mi sí bí àlejò, n kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Oṣù kan àkọ́kọ́, ìjà ṣáá ni. Wọ́n ń bi mí pé níbo ni mo ń lọ, èmi tí mo ti dá gbé fún ọdún mẹ́ta. Ohun tó parí rẹ̀ ni pé a jókòó, a kọ ọ́ sílẹ̀: oṣù mẹ́sàn-án ni mo máa lò; èmi ni n óò máa san owó iná àti omi; ẹnikẹ́ni ò ní bi mí ní aago tí mo wọlé, ṣùgbọ́n bí n kò bá ní sùn nílé, mo gbọ́dọ̀ sọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oṣù mẹ́sàn-án di mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó bínú. Nítorí náà, Àbíkẹ́yìn, kí o tó lọ, ẹ sọ ti pípadà náà. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ nínú sáà ìdánwò, ṣé yàrá rẹ ṣì wà níbẹ̀, àbí wọ́n á ti sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí? Kó dá gbogbo yín lójú.

Má_wò_mí:
Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Owó ilé la ń kọ́kọ́ yọ, owó oúnjẹ tẹ̀ lé e. Èyí tó bá kù la ń pín. Èmi fi gbogbo owó oṣù àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sílé, mo sì yá owó jẹun. Ọdún kan ni mo fi san gbèsè yẹn tán. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé títí dòní.

Bàbá_Àgbà:
Lónìí ni Má_wò_mí sọ ọ̀rọ̀ gidi. Àwọn ará Singapore gbé tiwọn dé ilé òfin: nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 1995, òbí tó ti pé ọgọ́ta ọdún tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ lè pe ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́ fún owó ìtọ́jú. Níbi tí kò ti sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo ọmọ, ó sì le ju ẹjọ́ lọ. Ọmọ mi, dá iye kan tí kò ní pa ọ́ lára, kékeré ni kó jẹ́, kó máa lọ lóṣooṣù láìyẹ̀. Sọ iye náà fún wọn kí o tó gbéra. Òbí tó mọ iye tó ń bọ̀ kò ní máa ṣírò iye tí kò wá.

Olùkọ́_Ìtàn:
Àti pé kí wọ́n mọ iye tí yàrá jẹ níbẹ̀. Owó ilé ìgbà tiwọn làwọn òbí fi ń díwọ̀n ti ìsinsìnyí.

Àbíkẹ́yìn_Ilé:
Mo ti fèsì, mo gba iṣẹ́ náà. Màmá mi á bá mi lọ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìlú náà fún àwọn aládùúgbò bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbà síṣẹ́. Bàbá mi ní yàrá mi á wà fún ọdún kan, lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi á wọ ibẹ̀. Mo rí yàrá nínú ilé tí èèyàn mẹ́ta á jọ gbé. Ìbéèrè kan ló kù: mítà iná kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ilé. Báwo la ṣe ń ṣe é tí n kò fi ní san iná tí àwọn ẹlòmíràn ti jẹ?

Mo_padà_sílé:
Lọ́jọ́ tí o bá kó wọlé, kí o tó tú ẹrù, ya fọ́tò ojú mítà, kí o fi ránṣẹ́ sí onílé àti àwọn méjì yòókù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ya ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ibi tí ògiri bá ti là náà. Ní kí màmá rẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání fún ọ.